Sábó àti Ọjà Ọba: Ọ̀nà méjì tí àlejò gbà wọ Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Nígbà tí Àjọ Ètò Ìkànìyàn ka àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ní oṣù kẹta, ọdún 2006, èèyàn 3,460,877 ni wọ́n kà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́ nìkan ní ju 350,000 lọ, ti Ìwọ̀-Oòrùn Oǹdó sì ju 280,000 lọ. Àwọn akànìyàn béèrè ọjọ́ orí, wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n béèrè irú omi tí onílé ń mu, ṣùgbọ́n wọn kò béèrè ẹ̀yà, wọn kò sì béèrè ẹ̀sìn, nítorí pé ìjọba ti yọ ìbéèrè méjèèjì kúrò nínú ìwé wọn kí ètò náà má baà di ìjà. Láti ìgbà náà ni iye Hausa, Ìgbò àti Ìgbìrà tó ń gbé ìlú méjèèjì ti di ohun tí oníkálukú ń fi ẹnu wọ̀n. Olóṣèlú tó ń wá ìbò wọn á ní wọ́n pọ̀ bí eṣú. Ẹni tó ń bínú pé wọ́n ti gba ọjà lọ́wọ́ ọmọ onílé náà á ní wọ́n pọ̀ bí eṣú.

Àìsí òǹkà yìí kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ láti dájọ́. Nínú ọkọ̀ èrò, ní ìsọ̀ ọtí àti lórí rédíò, ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé Ìgbò lówó nítorí pé Ìgbò fẹ́ràn owó, àti pé Hausa tòṣì nítorí pé kì í ro ọ̀la. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rọrùn lẹ́nu, àmọ́ kò ṣàlàyé nǹkan kan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí ìgbé ayé àwọn àlejò méjèèjì fi yàtọ̀ ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó gbọ́dọ̀ béèrè ìgbà tí wọ́n dé, ẹni tó gbà wọ́n, ibi tí wọ́n ní kí wọ́n sùn sí, àti irú òwò tó gbé wọn wá. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Òwò obì àti màlúù ló gbé Hausa wá sí ilẹ̀ Yorùbá. Láyé àtijọ́, láti ilẹ̀ Gónjà, ní apá òkè orílẹ̀-èdè Ghana òde òní, ni wọ́n ti máa ń ru obì tí wọ́n fẹ́ràn lọ sí Kánò. Ìdí nìyẹn tí Yorùbá fi ń pe obì náà ní gbànja títí di òní. Nígbà tí àwọn àgbẹ̀ Yorùbá wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbin gbànja fúnra wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, tí ọkọ̀ ojú irin sì dé òkè Ọya, ọ̀nà òwò náà yí padà. Oníṣòwò Hausa ń sọ̀kalẹ̀ wá ra obì, ó sì ń da màlúù bọ̀. Ìjọba aláwọ̀ funfun àti àwọn ọba fún wọn ní ilẹ̀ lẹ́yìn ìlú, wọ́n ní kí wọ́n máa gbé pọ̀ lábẹ́ olórí wọn. Ti Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ní 1916, àwọn ìlú mìíràn náà sì ní tiwọn. Orúkọ tó mọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ni Sábó, láti inú “sabon gari”, tó túmọ̀ sí ìlú tuntun lédè Hausa. Ẹni tó bá mọ Kánò á rẹ́rìn-ín músẹ́ síbí yìí, nítorí pé ní Kánò, Sabon Gari ni ibi tí Ìgbò àti Yorùbá ń gbé gẹ́gẹ́ bí àlejò.

Àkúrẹ́ ní Sábó, Oǹdó náà ní Sábó, bákan náà sì ni wọ́n ṣe tò. Sẹ́ríkí wà, mọ́sálásí wà, àwọn máigídá náà sì wà. Àwọn máigídá wọ̀nyí ni igi lẹ́yìn ọgbà òwò Sábó. Ẹni tó bá kó alùbọ́sà, tòmátì, ẹ̀wà tàbí àgbò láti òkè Ọya wá kò mọ ẹnì kan nínú ìlú. Ọ̀dọ̀ máigídá ni yóò dé sí. Máigídá á fún un ní ibi tí yóò sùn, á bá a tọ́jú ẹrù rẹ̀, á wá oníbàárà fún un, á sì ṣe onígbọ̀wọ́ fún ẹni tó bá ra ọjà náà láwìn. Làáàdá tó ń gbà lórí ẹrù ni èrè tirẹ̀. Ètò yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ní ilẹ̀ Yorùbá, òun ló sì fà á tí alùbọ́sà fi ń dé orí àtẹ ní Àkúrẹ́ láìsí ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń bójú tó o.

Ṣùgbọ́n èrè ètò náà kò kárí. Máigídá mélòó kan lówó, wọ́n kọ́lé, wọ́n lọ sí Mẹ́kà. Lábẹ́ wọn ni ọ̀pọ̀ èrò tó ń ṣe alábàárù, tó ń ṣọ́dẹ tí wọ́n ń pè ní mẹ́gáádì, tó ń gun ọ̀kadà, tó ń ra irin àlòkù kiri, tó ń tún bàtà ṣe, tó ń sun súyà tàbí tó ń ti omi kiri. Púpọ̀ nínú wọn ni kò wá láti jókòó. Àwọn Hausa ní orúkọ kan fún ìrìn àjò yìí, cin rani ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ni pé kí ọ̀dọ́kùnrin kúrò lábúlé nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kó lọ jẹun níbòmíràn, kó sì padà sóko nígbà tí òjò bá dé. Ẹni tó ń padà nílé lóṣù karùn-ún kò ní háyà yàrá ọlọ́dún kan, kò ní forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, bẹ́ẹ̀ ni kò ní fi ọmọ síléèwé. Báwo ni yóò ṣe lọ́rọ̀ tó hàn sójú ní Oǹdó? Abúlé rẹ̀ ní Kátínà tàbí Jìgáwá ni owó rẹ̀ wà.

Ìgbò ò gba ọ̀nà yẹn wọlé. Lóòótọ́, wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ọba àti iṣẹ́ tíṣà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá kí òmìnira tó dé, ṣùgbọ́n ogun 1967 sí 1970 ló tú wọn ká tó tún wọn tò. Nígbà tí ogun parí, ogún pọ́n-ùn péré ni ìjọba ní kí wọ́n fún ẹni tó ní owó sí báńkì, iye yòówù tó ti fi síbẹ̀. Ẹni tí kò ní nǹkan kan mọ́ gbọ́dọ̀ wá òwò tí kò gba owó púpọ̀. Ní Port Harcourt, wọ́n ti gba ilé ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n ní ohun ìní tí olówó rẹ̀ pa tì ni; ní Èkó, ọ̀pọ̀ bá ilé wọn, àwọn mìíràn tilẹ̀ bá owó ilé tí wọ́n ti bá wọn gbà pa mọ́. Kò yani lẹ́nu pé apá ìwọ̀ oòrùn ni ẹsẹ̀ ń yà sí lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n sì dá ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3, oṣù kejì, 1976, tí Àkúrẹ́ di olú ìlú, àwọn òṣìṣẹ́ ọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé, wọ́n ń ra mọ́tò, wọ́n ń ra amóhùnmáwòrán. Ẹni tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, páànù, wáyà iná àti kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kò lè rí ìlú tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí wọ́n gbé dání wá ni ètò tí wọ́n ń pè ní Igba-boi. Ọmọdékùnrin á sin ọ̀gá fún ọdún márùn-ún, mẹ́fà tàbí méje. Kò ní gba owó oṣù. Ọ̀gá ni yóò máa bọ́ ọ, tí yóò máa daṣọ fún un. Nígbà tí àkókò bá pé, ọ̀gá á fún un ní owó àti ọjà, á tilẹ̀ bá a san owó ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́. Yorùbá náà ní ọmọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ iṣẹ́ Yorùbá ló ń san owó fún ọ̀gá, òun náà ló sì ń náwó àríyá òmìnira nígbà tó bá parí. Ìyàtọ̀ kékeré yìí ló fi jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù Ìgbò kan ń di mẹ́rin láàárín ogún ọdún láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni lọ yá owó ní báńkì. Ètò náà ní àléébù tirẹ̀, ká má tàn ara wa. Ọ̀gá kan wà tó máa ń fẹ̀sùn olè kan ọmọ nígbà tó bá ku oṣù díẹ̀ kó gba òmìnira, ọmọ náà á sì padà sílé lọ́wọ́ òfo. Ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ló sì ti tìtorí rẹ̀ fi ìwé sílẹ̀, tó fi jẹ́ pé àwọn ọmọbìnrin Ìgbò ló kù sílé ẹ̀kọ́ girama ju àwọn arákùnrin wọn lọ. Ní Sábó, òdìkejì èyí ló wọ́pọ̀: ọmọkùnrin ló ń kàwé jù, ọmọbìnrin a sì máa relé ọkọ ní kékeré.

Ṣùgbọ́n Ìgbò kò ní àdúgbò kankan tí wọ́n fún wọn. Ibi tí oníkálukú bá ti rí yàrá ló ń gbé, láàárín àwọn Yorùbá, lábẹ́ òrùlé onílé Yorùbá. Ṣọ́ọ̀bù tó wà ní àgbègbè Ọjà Ọba, háyà ni. Èyí mú kí ọmọ wọn gbọ́ èdè Àkúrẹ́ kíákíá, ó sì mú kí onílé àti ayálégbé mọ ara wọn bí ẹni mowó. Síbẹ̀, ó sọ wọ́n di ẹni tí kò ní ẹnu kan tí ìlú lè bá sọ̀rọ̀. Ẹgbẹ́ pọ̀: ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ oníṣòwò, ẹgbẹ́ ìjọ. Ta ni olórí gbogbo wọn?

Ìbéèrè yìí ló bẹ́ sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ ní 2015. Déjì tuntun, Ọba Aládétóyìnbó Ògúnladé Aládélúsì, dé orí àpèrè ní ọdún náà, kò sì pẹ́ tí aáwọ̀ fi ṣẹlẹ̀ láàárín ààfin àti ẹni tó ń jẹ́ oyè Eze Ndigbo. Ààfin ní àwọn ti rọ̀ ọ́ lóyè, àwọn oníṣòwò Ìgbò sì ti ṣọ́ọ̀bù wọn láti fi ẹ̀hónú hàn. Ohun tí àwọn àgbà ìlú ń sọ ni pé adé méjì kì í wà nínú ìlú kan, eze sì túmọ̀ sí ọba. Àwíjàre yìí lágbára, ṣùgbọ́n ó fi nǹkan kan sílẹ̀. “Sarki” náà, tí a ti rí Sẹ́ríkí, ọba ló túmọ̀ sí lédè Hausa. Kí ló dé tí Sẹ́ríkí Sábó kò bí ẹnikẹ́ni nínú? Ó ti pẹ́ tí Yorùbá ti gba ọ̀rọ̀ náà sínú èdè wọn, tí wọ́n ń fi jẹ oyè ogun àti oyè mọ́sálásí, tí Sẹ́ríkí sì ti di ìjòyè tó ń wólẹ̀ fún ọba. Oyè Sẹ́ríkí ti dàgbà lábẹ́ ààfin. Ti Eze Ndigbo dé ní àná, kò sì gba ọwọ́ ààfin wọlé.

Ẹ wá fi ìtìpa ṣọ́ọ̀bù yẹn wé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejì, 2021. Lẹ́yìn ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá ní Ìbàdàn, àwọn ẹgbẹ́ tó ń kó oúnjẹ àti màlúù láti òkè Ọya dá ọkọ̀ wọn dúró. Kò ju bí ọ̀sẹ̀ kan lọ, síbẹ̀ owó alùbọ́sà, ata àti ẹran fò sókè ní gbogbo ìlú Yorùbá, tòmátì sì ń jẹrà lọ́hùn-ún. Nígbà tí Ìgbò ti ṣọ́ọ̀bù, ara wọn ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, nítorí owó ṣọ́ọ̀bù ń lọ, ẹni tó sì fẹ́ ra wáyà lè rà á lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Nígbà tí Hausa dá ọkọ̀ dúró, ìkòkò ọbẹ̀ olúkúlùkù ló mọ̀ ọ́n. Àwọn tó dà bí ẹni pé wọ́n tòṣì jù ni wọ́n di ohun tí ìlú kò lè ṣe aláìní mú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé alábàárù tó ń gbé ẹrù náà kò rí nínú agbára yìí.

Sábó sì ní ewu tirẹ̀. Ibi tí gbogbo èèyàn mọ̀ ni ibi tí gbogbo èèyàn lè nawọ́ sí. Ní ọjọ́ 18, oṣù kìíní, 2021, Gómìnà Rótìmí Akérédolú fún àwọn darandaran tó wà nínú igbó ọba láìgbàṣẹ ní ọjọ́ méje kí wọ́n jáde. Ní oṣù kẹjọ ọdún náà ó fọwọ́ sí òfin tó de fífi ẹran jẹko ní gbangba. Ní ọjọ́ 5, oṣù kẹfà, 2022, àwọn agbébọn pa nǹkan bí ogójì èèyàn ní ìjọ Kátólíìkì Saint Francis ní Ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn èyí, Àmọ̀tẹ́kùn ń dá ọkọ̀ ẹrù tó kó ọ̀dọ́kùnrin láti òkè Ọya dúró, wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì ń dá àwọn kan padà. Ó tọ́ kí ìjọba dáàbò bo ìlú. Ẹni tó bá rí ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Ọ́wọ̀ kò ní sọ pé kò tọ́. Ṣùgbọ́n òfin tó ń bá darandaran wí kò mọ alátùn-ún-ṣe bàtà tí kò da màlúù rí láyé rẹ̀, èrò inú ọkọ̀ kò sì ń dúró ṣàlàyé pé Hausa yàtọ̀ sí Fúlàní, tàbí pé ẹni tí bàbá rẹ̀ bí sí Sábó Oǹdó yàtọ̀ sí ẹni tó sọ̀kalẹ̀ nínú tírélà lánàá. Ọmọ Sábó ló ń san gbèsè àjèjì tí kò mọ̀.

Àlejò kẹta wà tí àríyànjiyàn Hausa àti Ìgbò kì í jẹ́ kí wọ́n rántí. Àwọn Ìgbìrà láti agbègbè Òkénè ti wà ní ahéré kòkó ní àyíká Oǹdó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ló ń kó kòkó jáde jù ní Nàìjíríà, púpọ̀ nínú oko náà ni kò sì ní ṣeé ro láìsí wọn. Wọ́n wá gẹ́gẹ́ bí lébìrà, àwọn kan sì di àgbàtọ́jú tó ń pín èso pẹ̀lú olóko, àwọn mìíràn yá ilẹ̀. Nínú ìwà ilẹ̀ Yorùbá, ẹni tó yá ilẹ̀ ń san ìṣákọ́lẹ̀, ó lè gbin iṣu, ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ gbin kòkó, obì tàbí ọ̀pẹ. Igi tó ń pẹ́ nílẹ̀ ni ẹ̀rí pé ilẹ̀ jẹ́ ti ẹni. Olóko kò ní jẹ́ kí àlejò ri irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Nígbà tí owó kòkó ní ọjà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan ní 2024, olóko àti àgbàtọ́jú jẹ nínú rẹ̀ kó tó já wálẹ̀ ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó gbin ẹ̀gẹ́ ń wò wọ́n. Kò sí Sẹ́ríkí tàbí Eze tó ń bá wọn pariwo, kò sì sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n lè tì.

Òde Oǹdó yàtọ̀ sí Àkúrẹ́ níhìn-ín. Owó Àkúrẹ́ ń wá láti àpò ìjọba, ó sì ń lọ sí ọjà ilé àti ọjà ọkọ̀. Owó Oǹdó ń wá láti oko kòkó, láti igi gẹdú, àti láti ilé ìwé Adéyẹmí tó wà níbẹ̀ láti 1963. Nígbà tí owó oṣù òṣìṣẹ́ bá falẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ l'Ákùúrẹ́ ni oníṣọ́ọ̀bù Ìgbò tó tajà láwìn. L'Óǹdó, ìgbà tí kòkó kò bá so ni Sábó àti ahéré jọ ń sunkún.

Ibi kan wà tí gbogbo ìyàtọ̀ wọ̀nyí ti parí, ibẹ̀ ni ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n ti ń gba ìwé ẹ̀rí ọmọ bíbí ìlú. Ìwé yìí ni ilé ìwé gíga ń béèrè, òun ni wọ́n ń béèrè níbi ìgbanisíṣẹ́ ọba, níbi iṣẹ́ ológun àti ọlọ́pàá. Ìwé òfin 1999, ní abala 318, sọ ẹni tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan: ẹni tí òbí rẹ̀ tàbí òbí àgbà rẹ̀ jẹ́ ara àwọn tó ni ilẹ̀ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Kò ka iye ọdún tí èèyàn ti gbé ibẹ̀, kò ka owó orí tó ti san. Abala 15 ní kí ìjọba rí i pé ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ olùgbé ní ibi gbogbo, ṣùgbọ́n abala náà wà ní orí kejì ìwé òfin, èyí tí ilé ẹjọ́ kò lè fi ipá mú ìjọba lé lórí. Yorùbá ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Òfin ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yé Yorùbá ju ẹlòmíràn lọ. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n kó jáde. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti àwọn ìlú mìíràn, tí àwọn kan nínú wọn jẹ́ ọmọ tí wọ́n bí sí Kùmásì, fi ìsọ̀ àti gbèsè sílẹ̀ sálọ. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn wọ́n ni pé wọ́n ti gba ọjà lọ́wọ́ ọmọ onílé. Nàìjíríà náà san án padà fún àwọn ará Ghana ní oṣù kìíní, 1983.

Kì í ṣe ilẹ̀ Áfíríkà nìkan ni ìwé ti ń pín àlejò sí méjì. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ará Guatemala tó sá fún ogun abẹ́lé tó jà láti 1960 sí 1996 bẹ̀bẹ̀ fún ààbò ní ọdún 1980 sókè, ìjọba ibẹ̀ sì kọ̀ fún èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Lábẹ́lẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ oko àti iṣẹ́ ilé kíkọ́. Àwọn ará Afghanistan tí ọkọ̀ òfurufú kó wá ní 2021 gba ìwé iṣẹ́, àwọn àjọ sì bá wọn wá ilé. Ogun ni gbogbo wọn ń sá fún. Ìwé náà tún ṣeé gbà padà: ní oṣù keje, 2025, ìjọba Amẹ́ríkà fòpin sí ààbò onígbà díẹ̀ tó ti fún àwọn ará Afghanistan.

Ní Èkó, ní 2015, àwọn ará ìlú dìbò yan Rita Orji àti Tony Nwulu, ọmọ Ìgbò méjèèjì, lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin l'Ábújá. Àpótí ìbò kò béèrè agbolé. Fọ́ọ̀mù ìjọba ìbílẹ̀ ló ń béèrè rẹ̀: àdúgbò, agbolé, orúkọ bàbá bàbá, àti olóyè tí yóò jẹ́rìí. Ọmọ tí wọ́n bí sí Sábó lè kọ Sábó síbẹ̀, akọ̀wé á kà á, á sì béèrè ibi tí bàbá àgbà rẹ̀ ti wá. Ọmọ Ìgbò tí bàbá rẹ̀ ti háyà ilé ní àdúgbò mẹ́rin l'Ákùúrẹ́ kò tilẹ̀ mọ èyí tí yóò kọ.